Àwo Àlejò

Àwo kan wà nílé Ìyá Àgbà ní Inísà tí ọmọ ilé kankan ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Funfun ni, wọ́n fi ìlà wúrà yí etí rẹ̀ ká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wúrà náà ti ń ṣí, òdòdó pupa kan sì wà láàrin rẹ̀ tó máa ń yọjú díẹ̀díẹ̀ bí èèyàn bá ṣe ń jẹun lọ. Àwo àlejò ni. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ló ń gbé, kì í sọ̀ kalẹ̀ àfi tí àlùfáà bá yà kí wa tàbí tí àna bá ti Òkúkù dé. Lọ́dún tí mò ń rántí yìí, èmi ni mo fi ń jẹun láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, fún oṣù mẹ́rin gbáko, mi ò sì tíì rí ohun tó bà mí nínú jẹ́ tó o láti ìgbà náà. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń ka èyí á ní, “Kí ló ń ṣe ọmọ yìí? Wọ́n fi àwo tó dáa bu oúnjẹ fún un, ó tún ń sunkún?” Ẹ fara balẹ̀ ná.

Ọmọ ọdún méje ni mí. Eyín iwájú mi méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ dànù ni. Dúpẹ́, màmá mi, ló mú mi wá láti Ìkìrun, níbi tí àwa méjèèjì ti ń gbé yàrá kan ṣoṣo nínú ilé onílé. Ìyá Àgbà ló bí màmá mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì fojú kàn án rí. Nígbà tí màmá mi lóyún mi, ọkùnrin tó fún un lóyún kò wá mọ ilé wa, kò sì sí ẹni tó mọ ilé tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ líle jáde lẹ́nu Ìyá Àgbà, èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ sì jáde lẹ́nu màmá mi. Ó ní kàkà kí òun gbé ọmọ òun wá sílé yẹn kí wọ́n fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, òun á kúkú pọ̀n ọ́n kiri títí ẹ̀yìn òun á fi bó. Ló bá kó ẹrù rẹ̀, ó gba Ìkìrun lọ. Ìkìrun sí Inísà kò jìnnà, kí èèyàn jókòó sínú ọkọ̀ kó tó rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí dáadáa, wọ́n á ní ó ti dé. Ọdún méje ni màmá mi fi rin ìrìn náà. Ìgbà tó rí iṣẹ́ kan níbi tí wọ́n ti ní kó máa sùn sẹ́nu iṣẹ́, tí kò sì rí ẹni tí yóò gbé mi tì, ló tó gbé ìtìjú tà.

Mo ṣì ń rí i bó ṣe kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, tí kò wọlé. “Ẹ káàsán, mà.” Báyìí ló kí ìyá tó bí i lọ́mọ, bí ẹni ń kí ìyàwó ọ̀gá. “Títí dìgbà Ìkórè ni, mà. Tó bá dìgbà yẹn màá ti rí ọ̀nà, màá sì wá mú un. Kò ní yọ yín lẹ́nu.” Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà nínú igbá, kò gbójú sókè. Ó ní, “Mo gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò ní fi ọmọ yìí ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níbí.” Ẹ̀wà náà ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe màmá mi. Èmi ò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ọdún méje ni wọ́n ń fèsì sí. Ìsinsìnyí tí èmi náà ti bímọ méjì ni mo wá mọ bí ọ̀rọ̀ ọmọ ẹni ṣe ń pẹ́ nínú ikùn tó.

Òwúrọ̀ ilé náà ní ohùn tirẹ̀. Ládàání ló máa ń kọ́kọ́ pe ìrun lápá ọjà, agogo ṣọ́ọ̀ṣì á dá a lóhùn, àwọn àkùkọ á wá dá sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n sí. Lẹ́yìn náà ni màá gbọ́ ìgbálẹ̀ Tóyìn lágbàlá, ṣáá, ṣáá, ṣáá, pẹ̀lú ìkùnsínú láàrin. Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni Tóyìn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ tuntun. Gbénga, àbúrò rẹ̀, ló ń pọnmi láti kànga. Ìdálẹ̀ ni bàbá wọn ti ń ṣiṣẹ́, ìyá wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Tóyìn, ló ń dáná. Tí iṣẹ́ òwúrọ̀ bá tán, a ó gbàdúrà ní pálọ̀, lẹ́yìn “Àmín” tó gbẹ̀yìn, àwọn ọmọ á wá kí Ìyá Àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa kì wọ́n. “Àjọkẹ́ mi, ọmọ tó jí tó gbálẹ̀ kí oòrùn tó là,” Tóyìn nìyẹn. “Àkànmú, ọkọ mi, omi inú àmù ló ń jẹ́rìí rẹ,” Gbénga nìyẹn, èjìká rẹ̀ á sì gbé sókè. Tó bá kàn mí, Ìyá Àgbà á fọwọ́ tún kọ́là aṣọ mi ṣe, á ní, “Ọmọ Dúpẹ́, ṣé o sùn dáadáa? Ṣé ẹ̀fọn ò jẹ ẹ́?” Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí kò ní oríkì dà bí ìkòkò tí kò ní etí, èèyàn ò mọ ibi tí yóò ti dì í mú.

Oúnjẹ ló tún burú jù. Àwọn Tóyìn ń jẹun pọ̀ nínú abọ́ irin ńlá kan tí etí rẹ̀ ti họ, wọ́n á ká a mọ́lẹ̀ lórí ẹní, ọwọ́ á máa gba orí ọwọ́. “Gbénga, ojú kan ni kó o máa gé!” “Ìwọ ńkọ́, tó o ti gbẹ́ kòtò sábẹ́ iyán?” Ẹran wọn kì í tó nǹkan, nítorí náà eré ni wọ́n ń fi í ṣe, ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ló pàdánù tirẹ̀, kò sì sí alẹ́ tí ẹnì kan ò ní rẹ́rìn-ín. Èmi ńkọ́? Orí àga ni mo wà, níwájú tábìlì kékeré tí wọ́n tẹ́ aṣọ lé, èmi, síbí mi, ẹran méjì àti òdòdó pupa. Kò sí ẹni tó ń bá mi jà. Màá jẹ iyán náà títí òdòdó á fi yọjú, àwa méjèèjì á sì máa wo ara wa.

Mo gbìyànjú o. Lọ́jọ́ kan mo jí ṣáájú Tóyìn, mo mú ìgbálẹ̀, mi ò tíì gbá ju ìdí ọsàn lọ tí Ìyá Àgbà fi jáde pẹ̀lú ìborùn, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́ bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ìkókó. “Wọlé lọ sùn, ọmọ dáadáa.” Ọjọ́ mìíràn mo gbé korobá tẹ̀ lé Gbénga. Màmá Tóyìn ló sá tẹ̀ lé mi, ìpọn ọbẹ̀ lọ́wọ́. “Háà! Ṣé o fẹ́ kí ìyá ẹ wá bá wa jà ní Inísà níbí ni? Gbé e sílẹ̀, jọ̀ọ́, olówó orí mi.” Mo tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ da epo sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n lè pariwo mọ́ mi. Tóyìn ni wọ́n pariwo mọ́, pé kí ló gbé epo sí ibi tí ọmọ ọlọ́mọ ń gbà kọjá. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n pè mí: ọmọ ọlọ́mọ.

Tóyìn kò dárí epo náà jì mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ó jókòó tì mí lórí àtẹ̀gùn, ó ń bó ẹ̀pà, kò sì fún mi. Ó ní, “Ṣé o mọ ìdí tí wọn ò fi ń rán ẹ níṣẹ́? Mo bi Ìyá Àgbà. Wọ́n ní, ‘Ọmọ ilé là ń rán, àlejò là ń tọ́jú.’ Àlejò ni ẹ́. Tí Ìkórè bá ti parí, màmá ẹ á wá mú ẹ, wọ́n á fọ àwo, wọ́n á gbé e padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù.” Mo ní irọ́ ló ń pa. Ó ní, “Ó dáa, kí ni wọ́n ń kì ẹ́?” Ọkọ̀ ojú irin, tí kì í kọjá lójoojúmọ́, fọn fèrè rẹ̀ lókèèrè nígbà yẹn, ó ń lọ sápá Ìkìrun, ó sì ń ṣe mí bíi pé èmi ló ń pè.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Lójoojúmọ́, nígbà tí àwọn yòókù bá ń gbàdúrà fún ìlera àti ìrìn àjò, èmi á máa sọ lábẹ́lẹ̀ pé, “Ọlọ́run, jọ̀ọ́, jẹ́ kí wọ́n rán mi níṣẹ́. Jẹ́ kí wọ́n bá mi wí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kí Ìkórè tó dé.” Bí tísà wa nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ṣe bi ọmọ kọ̀ọ̀kan pé kí ló fẹ́ kí Jésù ṣe fún òun, tí ẹnì kan ní kẹ̀kẹ́, tí ẹnì kan ní bàtà tó ń tanná, mo sọ tèmi jáde. Tísà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Fúnmi, ìwọ nìkan ni ọmọ tó ń tọrọ ẹgba lọ́wọ́ Ọlọ́run láyé yìí.” Mo rò pé Ọlọ́run náà ń rẹ́rìn-ín. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀ títí di òní, àmọ́ mo ti wá mọ irú ẹ̀rín tó jẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú Ìkórè, Bàbá Kátíkíìsì wàásù. Arúgbó kúkúrú ni, góńgó imú rẹ̀ ló ń gbé jígí rẹ̀ dúró. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, “Ẹ̀yin ará, ilé Bàbá wa ò ní yàrá àlejò! Ẹ lọ wá a títí, ẹ ò ní rí i!” Gbogbo ìjọ ní “Halelúyà!” Jìnnìjìnnì bò mí. Mo ní, bí kò bá sí yàrá àlejò, níbo ni èmi máa sùn? Mo dì mọ́ bẹ́ǹṣì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lé jáde. Ìwàásù tó dùn jù lọ tí mo gbọ́ nígbà èwe mi nìyẹn, ìbẹ̀rù ni mo fi gbọ́ ọ.

Nínú ìjọ wa, ìdílé ni wọ́n ń fi ń pè jáde lọ́jọ́ Ìkórè. Wọ́n á pe orúkọ ilé, àgbà ilé á jó síwájú, àwọn ọmọ ilé á ru ẹrù tẹ̀ lé e gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí iwájú pẹpẹ, iṣu, àgbàdo, òróǹbó, ohun tí ọwọ́ bá tó. Àlejò kì í ru ẹrù ìdílé. Wọ́n á jókòó máa pàtẹ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Ìyá Àgbà pín ẹrù lágbàlá. “Gbénga, iṣu márùn-ún yìí. Tóyìn, apẹ̀rẹ̀ òróǹbó, má sì mu ìkankan lójú ọ̀nà, mo ti mọ iye tó wà níbẹ̀. Ìyá Tóyìn, ìwọ lo máa gbé adìẹ.” Mo na ọrùn. Ìyá Àgbà wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ìwọ á wọ aṣọ tuntun, wàá jókòó jẹ́jẹ́. Màmá ẹ ń bọ̀ lọ́la, kó bá ẹ ní mímọ́.” Màmá mi ń bọ̀ lọ́la. Inú ọmọ tó ń ṣàárò ìyá rẹ̀ yẹ kó dùn. Ohun tí mo rí lójú inú mi ni Màmá Tóyìn tó ń fi kànrìnkàn fọ òdòdó pupa náà, tó gbé e gun orí kọ́bọ́ọ̀dù.

Adìẹ dúdú kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná tó ti sàba sínú apẹ̀rẹ̀ àlòkù. Èmi nìkan ni mo ń yọ́ fi ìyẹ̀fun àgbàdo tó ṣẹ́ kù bọ́ ọ, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn, nítorí wọn ò mọ̀. Adìẹ náà ti pamọ lọ́sẹ̀ yẹn, ó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde lọ jẹ̀, ó sì fi ẹyin mẹ́rin sílẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀. Mo rò ó pé, ẹyin tí ìyá wọn fi sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè, ṣé kì í ṣe tèmi nìyẹn? Láàárọ̀ Ìkórè, nígbà tí gbogbo ilé ń wá gèlè, mo gun àga, mo gbé àwo àlejò, mo kó ẹyin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú rẹ̀, mo fi ìborùn mi bò ó. Mo gbé e mọ́yà dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo tì í sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ẹni tó bá bi mí, màá ní Bíbélì ni. Kò sí ẹni tó bi mí. Ta ló ń bi àlejò ní ohun tó gbé lọ́wọ́?

Màmá mi dé nígbà tí orin ti gbóná. Mo rí i. Bẹ́ǹṣì tó kángun sí ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, níbi tí àwọn tó ń kọjá lọ máa ń jókòó sí, báàgì rẹ̀ wà lórí itan bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n ti gbà á wọ ẹgbẹ́ akọrin, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ dá orin lójú èèyàn. Kò wo apá kankan. Àárín èmi àti òun tó nǹkan bíi bẹ́ǹṣì ogún, àmọ́ nígbà tí mo bá rántí rẹ̀ lónìí, mo mọ̀ pé ibì kan náà ni àwa méjèèjì jókòó sí.

“Ìdílé Alágbẹ̀dẹ!” Bàbá Kátíkíìsì pè wá. Ilé wa nìyẹn, nítorí alágbẹ̀dẹ ni bàbá Ìyá Àgbà. Ó dìde, ó na ìborùn sókè, ó jó bọ́ sójú ọ̀nà. Màmá Tóyìn tẹ̀ lé e pẹ̀lú adìẹ, Gbénga, Tóyìn. Mo ka ení, èjì, mo fa àwo jáde, mo bọ́ sẹ́yìn Tóyìn. Ó yíjú padà, ó la ojú sí mi. “Kí lò ń ṣe? Padà!” Mo ní, “Mò ń ru tèmi.” Orí ni gbogbo wọn gbé ẹrù lé, èmi náà bá gbé e lé orí. Wọ́n ní òṣùká, èmi ò ní. Wọ́n ti ń ru nǹkan láti ìgbà tí wọ́n ti ń rìn, èmi ò ru ju ìrun orí mi lọ rí. Mo ń rìn bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún, ọwọ́ kan lára àwo, inú mi ń dùn débi pé mi ò gbọ́ orin mọ́. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà níwájú pẹpẹ. Òun náà ni mi ò rí.

Àwo fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹyin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ́, pọ́ọ̀, bí ìgbà tí táyà kẹ̀kẹ́ bá bẹ́. Lẹ́yìn náà ni òórùn jáde. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú agbo ilé ti mọ̀ tipẹ́ ohun tí mò ń bọ̀ wá sọ: ẹyin tí adìẹ bá fi sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti pamọ tán, òbu ni. Kò sí ọmọ ilé ọlọ́dún márùn-ún tí kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ yàrá kan ní Ìkìrun kò mọ̀, kò sì sí ẹni tó rán an lọ sídìí adìẹ kó lè mọ̀. Àwọn akọrin fi ìwé orin bo imú. Ẹnì kan ní, “Jésù!” kì í sì ṣe àdúrà ló ń gbà. Orin dá.

Ìyá Àgbà yíjú padà. Ó wo àwo, ó wo mí, ohùn tí mi ò gbọ́ rí sì jáde lẹ́nu rẹ̀, ohùn tó ń gbé lágbàlá, tí Tóyìn àti Gbénga nìkan ní.

“Àbẹ̀kẹ́!”

Mo wo ẹ̀yìn mi, mo ń wá ẹni tí wọ́n ń pè.

“Ìwọ Àbẹ̀kẹ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kí lò ń wò lẹ́yìn? Ta ló ní kó o gbé àwo mi? Ta ló ní kó o kó ẹyin òbu wá síwájú Olúwa? O ò rí àtẹ̀gùn ni? Ṣé àgbàdo ni wọ́n fi ṣe ojú ẹ? Ọmọ tí kò ní òṣùká, tó gbé tánganran lérí bí ẹni gbé fìlà! Wò ó bó o ṣe ṣe aṣọ tuntun! Má dúró, má wò mí, lọ mú ìgbálẹ̀ wá!”

Wọ́n bá mi wí. Níwájú gbogbo ìjọ, pẹ̀lú orúkọ. Omi ń bọ́ lójú mi, ẹnu mi tí kò ní eyín sì ya dé etí, mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe nínú ẹ̀rín àti ẹkún. Màmá mi ti sáré dé láti ẹnu ọ̀nà, ó ti kúnlẹ̀ sínú ẹyin. “Màámi, ẹ má bínú, ọmọdé ni, ẹ jọ̀ọ́, màá ra òmíràn dípò, a ti fẹ́ máa lọ…”

“Ẹ fẹ́ máa lọ síbo?” Ìyá Àgbà ní. “Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ? Ìgbálẹ̀ ni mo ní. Ìwọ Dúpẹ́, ọmọ yìí ò mọ ibi tó wà, kò sí ẹni tó fi hàn án, ẹ̀bi mi nìyẹn. Ìwọ ńkọ́? Àbí o ti gbàgbé ibi tí ìgbálẹ̀ wà nílé Bàbá ẹ ni?”

Màmá mi dìde. Ó rìn lọ sí yàrá tí àwọn akọrin ti ń wọṣọ, kò wọ inú rẹ̀, ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn láì wò ó, ọwọ́ rẹ̀ sì bà á. Ibi tí ìgbálẹ̀ wà nígbà tí màmá mi wà lọ́mọdé náà ló ṣì wà. Ó di ìgbálẹ̀ náà mọ́ àyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń gbálẹ̀, ó ń sunkún, èmi náà ń fi ọwọ́ ṣa àfọ́kù. Bàbá Kátíkíìsì fi áńkáṣífù dí imú, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fèrèsé.” Ó wá gbé jígí rẹ̀ sókè. “Mo ti ń gba ọrẹ Ìkórè ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n tòní yìí, ẹ̀yin ará, kò sí àní-àní, òórùn rẹ̀ ti dé ọ̀run.” Ẹ̀rín bú nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn bí òjò àkọ́rọ̀. Màmá mi náà rẹ́rìn-ín, imú rẹ̀ ń ṣàn. Bí ó ṣe gbá a tán, kò padà sí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà. Àárín Màmá Tóyìn àti Ìyá Àgbà ló jókòó sí, wọ́n sún fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo bi Ìyá Àgbà pé, “Ta ni Àbẹ̀kẹ́?” Ó ń tú gèlè. Ó ní, “Ìwọ ni, nígbà tí kì í ṣe adìẹ.” Mo ní láti ìgbà wo? Ó ká gèlè náà, ó ní, “Láti ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ. Ẹnì kan tó ti Ìkìrun bọ̀ ló bá mi lọ́jà, ó ní Dúpẹ́ ti bí obìnrin. Mo fi ọjà sílẹ̀, mo wọlé, mo ní Àbẹ̀kẹ́ lo máa jẹ́, ẹni tí a bẹ̀bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Kò sí àárọ̀ kan tí mi ò fi pè ẹ́ níwájú Ọlọ́run.” Mo ní kí ló dé tí wọn ò pè mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo dé? Ó wo màmá mi, tó jókòó sórí ẹní. “Ẹ̀rù bà mí. Wọ́n ti ní mo fẹ́ fi ẹ́ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Mo ní kí n rọra, kí n máa gbé ẹ bí ẹyin, kí wọ́n má baà gbé ẹ sá lọ.” Màmá mi dojú bolẹ̀. “Màámi, ẹ dárí jì mí.” Ìyá Àgbà ní, “Ó ti tó. Ọbẹ̀ ń jó nídìí, ṣé imú ẹ ò gbọ́ ni? Dìde lọ rò ó.” Màmá mi sì dìde.

Orí ẹní ni mo ti jẹun lálẹ́ yẹn, nínú abọ́ irin tí etí rẹ̀ họ. Tóyìn mú mi rẹ́rìn-ín láàrin ìṣẹ́jú kan, ó sì jẹ ẹran mi níwájú mi. “Òbu, o ti pàdánù!” Orúkọ tó ń pè mí títí di òní nìyẹn. Màmá mi kò mú mi lọ. Òun ló wá ń wá, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, pẹ̀lú aṣọ akọrin rẹ̀ nínú báàgì, mo sì gbé ilé náà títí mo fi parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ má rò pé mo di áńgẹ́lì o. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí iṣẹ́ fi sú mi, mo ti ń sá pamọ́ sínú ilé ìyàgbẹ́ tí wọ́n bá ń pe, “Àbẹ̀kẹ́, omi ti tán nínú àmù!”

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan. Èmi náà lóyún kí ọkọ mi tó wá mọ ilé wa. Òkúkù ni mo wà, níbi tó ti ń ṣe tísà, ojú sì tì mí débi pé mi ò lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni mo fi jókòó sílé tí mò ń gbọ́ agogo. Mo ń sọ fún ara mi pé tí mo bá tún ara mi ṣe tán, tí a bá ṣègbéyàwó tán, màá wá lọ. Mo fẹ́ lọ ní mímọ́, bí àlejò tó wọṣọ tuntun. Ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ kan ṣàdédé sọ sí mi lọ́kàn, ohùn Ìyá Àgbà gan-an: àbí o ti gbàgbé ibi tí ìgbálẹ̀ wà? Mo gbé ikùn mi, mo lọ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kò sí èèyàn. Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó wà níbẹ̀. Mo gbá ṣọ́ọ̀ṣì yẹn láti pẹpẹ dé ẹnu ọ̀nà, mi ò gbàdúrà kankan, mo kàn mọ̀ pé mo ti délé, àti pé Ẹni tó ni ilé ti ń pe orúkọ mi láti ìgbà tí èmi ò tíì mọ̀ pé mo ní ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ wa là ń fi àwo olódòdó jẹun lọ́dọ̀ Ọlọ́run, tá à ń fi síbí bu ú jẹ́jẹ́, tá à ń ka ọjọ́ tí wọ́n máa ní ká máa lọ. Wọn ò ní ká lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kó àwọn ọmọ mi lọ kí Ìyá Àgbà ní Inísà. Ojú rẹ̀ ti bàìbàì, ìró ẹsẹ̀ ló fi ń dá èèyàn mọ̀. Mi ò tíì kúnlẹ̀ tán, mi ò tíì sọ báàgì kalẹ̀. “Àbẹ̀kẹ́, òjò ti ṣú, aṣọ wà lórí okùn, o sì dúró síbẹ̀ bí òpó. Lọ ká a!” Mo sáré. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, tí kò dé ilé náà rí láti ìgbà tó ti gbọ́njú, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo bàtà rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà lẹ́yìn mi. “Ìwọ náà, Àṣàkẹ́, kí lò ń dúró wò? Ọwọ́ ńkọ́? Bá ìyá ẹ mú ọ̀kan wọlé!” Ọmọ náà wò mí, bóyá òun ni wọ́n ń bá wí. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó sáré wá sábẹ́ okùn, ó fa aṣọ ìnura kan lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé orí, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni ru ẹrù Ìkórè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sínú ilé.